Oògùn, eruku tàbí èéfín ba ìlera jẹ́ níbi iṣẹ́ tàbí nílé: báwo la ṣe ń kó ẹ̀rí jọ fún owó gbà-máà-bínú? (Èkìtì)

Alámòójútó
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè kan náà ló ń padà wá lóríṣiríṣi. Ẹni tó ń fọ́n oògùn sí kòkó lápá Ìsẹ̀ àti Ẹmùré ń béèrè, ẹni tó ń fọ́ òkúta ń béèrè, ọmọṣẹ́ àwọn tó ń kun ọkọ̀ l'Adó ń béèrè, ayálégbé tí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń wọ yàrá rẹ̀ náà ń béèrè. Gbogbo wọn mọ ohun tó ṣe wọ́n. Ìwé tó máa fi hàn bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Kí oníkálukú sọ apá tó bá mọ̀ dáadáa. Ẹ má dárúkọ iléeṣẹ́ tàbí ènìyàn kankan o, ẹ má sì gbé fáìlì ọsibítù ẹnikẹ́ni síbí.

Nọ́ọ̀sì_Òru
Ẹ jẹ́ ká ti orí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń tètè gbàgbé.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti èédú: carbon monoxide, gáàsì olóró inú wọn, ló ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹni náà bá ń mí afẹ́fẹ́ lásán, ìdajì rẹ̀ á ti kúrò lára láàárín nǹkan bíi wákàtí 4 sí 5. Bí wọ́n bá fi ọ́síjìn gidi sí i nímú, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan sí wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Ẹni tó dákú lóru, tí wọ́n gbé dé ọsibítù láàárọ̀, tí wọ́n wá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án, àyẹ̀wò lè sọ pé kò sí nǹkan kan. Àyẹ̀wò tí ẹ máa béèrè ni carboxyhaemoglobin, ìyẹn carbon monoxide tó ti so mọ́ ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà ní kété tí ẹ bá dé, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ dá ọ́síjìn dúró nítorí ẹ̀rí o! Bí ọ́síjìn bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Onímọ̀ lè fi aago méjèèjì ṣírò padà sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ọmọ ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ má gbà á gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ èéfín. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ́síjìn àti carbon monoxide. Ó lè kọ 98 fún ẹni tó ń kú lọ. Bí ẹni bá kọ 98 yẹn sí fáìlì, tí kò sì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agbẹjọ́rò ẹnìkejì á fi gbá ẹjọ́ yín dànù.

Oògùn kòkòrò bíi DDVP àti chlorpyrifos: àyẹ̀wò wọn ni cholinesterase, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí oògùn náà ń sọ di aláìlágbára. Oríṣi méjì ni, ti omi ẹ̀jẹ̀ àti ti sẹ́ẹ̀lì pupa. Ẹ béèrè méjèèjì bí láàbù bá lè ṣe é. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iye tó tọ́ fún ènìyàn kan yàtọ̀ gan-an sí ti ẹlòmíràn. Ẹnìkan lè ti pàdánù ìdajì tirẹ̀ kí ìwé láàbù sì kọ pé kò sí wàhálà. Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò ẹyọ kan kì í tó. Ẹ ṣe ọ̀kan lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní pralidoxime (oògùn tí wọ́n fi ń wo májèlé náà) bó bá ṣeé ṣe. Ẹ ṣe òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tí ẹni náà kò ti fọwọ́ kan oògùn, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, torí sẹ́ẹ̀lì pupa kì í tètè bọ̀ sípò. Bí nọ́ḿbà náà bá ń gòkè bí ọjọ́ ṣe ń jìnnà sí oògùn, ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn. Kí ẹ̀jẹ̀ náà wà nínú yìnyín títí á fi dé láàbù.

Paraquat, oògùn apakoríko: ìtọ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Láàbù máa ń po sodium bicarbonate àti sodium dithionite mọ́ ọn, bó bá di búlúù, paraquat wà níbẹ̀. Ọjọ́ kìíní ló dára jù.

Òjé, fún àwọn tó ń tú bátìrì ọkọ̀: ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan apá ni kí wọ́n fà. Ẹ má gba ti orí ìka tí wọ́n gún, torí eruku òjé ara ìka lè wọ inú rẹ̀ kó sì gbé nọ́ḿbà náà ga, ẹnìkejì á wá ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù kan, òjé inú ẹ̀jẹ̀ á ti dín sí ìdajì. Ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún kan kò ní rí púpọ̀ mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ bó tilẹ̀ wà nínú egungun rẹ̀.

Akọ̀wé_Fáìlì
Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Àyẹ̀wò nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sí fáìlì ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹjọ́. Ènìyàn á dé ọ̀dọ̀ dókítà, á ní orí ń fọ́ òun, ara ń gbóná, èébì ń gbé òun. Dókítà á kọ ibà àti táífọ́ọ̀dù, á fún un lóògùn, ó parí. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà lẹ wá ní oògùn kòkó ni. Fáìlì ò mọ oògùn kòkó kankan.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín níwájú dókítà ni kó jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, orúkọ oògùn náà, ọjọ́ àti aago tí ẹ lò ó, wákàtí mélòó, bó ṣe wọ ara (ṣé ó dà sí ẹ̀yìn ni, àbí afẹ́fẹ́ gbé e padà sójú). Ẹ gbé fọ́tò ike oògùn náà dání. Kí ẹ tó dìde, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Kókó kan wà tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ. Bí ẹnìkan bá dé ọsibítù pẹ̀lú òórùn oògùn kòkòrò lára, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn wọn ni pé ó mu ún láti pa ara rẹ̀. Bí ẹni tó gbé e wá bá ń kólòlò, ohun tí wọ́n máa kọ nìyẹn. Kí ẹni tó bá tẹ̀ lé aláìsàn sọ ọ́ kedere pé ẹnu iṣẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀, kó sì rí i pé ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Bí wọ́n bá ti ṣì í kọ, ẹ kọ lẹ́tà sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí wọ́n fi àtúnṣe sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ burú ju èyí tí wọ́n ṣì kọ lọ.

Ẹ̀dà fáìlì: ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka àkọsílẹ̀, yálà EKSUTH (ọsibítù Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì) l'Adó ni, tàbí ọsibítù ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, tàbí ti àdáni. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa yín. Kì í ṣe ìwé ìsinmi àìsàn nìkan lẹ máa béèrè o. Ẹ gba ìwé tí nọ́ọ̀sì ń kọ lójoojúmọ́, èsì láàbù gbogbo, àti fíìmù X-ray fúnra rẹ̀.

Lọ́yà_Ìta_Ọba
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin ní ṣókí, torí ọjọ́ ló ń lé gbogbo rẹ̀ kiri.

Ti ibi iṣẹ́: Employees' Compensation Act ti 2010 (òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́), NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó náà, ló ń bójú tó o. Ẹ ò ní láti fi hàn pé ọ̀gá jẹ̀bi. Ohun tí ẹ máa fi hàn ni pé iṣẹ́ náà ló fa àìsàn. Òṣìṣẹ́, tàbí ẹbí rẹ̀ bó bá ti kú, ní láti sọ fún agbanisíṣẹ́ láàárín ọjọ́ 14 tó ṣẹlẹ̀ tàbí tí ìròyìn rẹ̀ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Agbanisíṣẹ́ náà ní ọjọ́ 7 láti jábọ̀ fún NSITF. Fọ́ọ̀mù ìbéèrè owó gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan. Wọ́n lè fàyè gba títí dé ọdún mẹ́ta bí ìdí pàtàkì bá wà, ẹ má fọkàn sí ìyẹn ṣáá.

Sísọ fún ọ̀gá lórí fóònù kò tó. Ẹ kọ ọ́: orúkọ, ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, irú àìsàn, ohun tó fà á. Ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n buwọ́ lu ọ̀kan kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i pé àwọn gbà á, ìyẹn lẹ máa mú lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi kúríà ránṣẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ìwé àfikún àkọ́kọ́ nínú òfin náà to àwọn àìsàn iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú irú iṣẹ́ tó ń fà wọ́n. Bí àìsàn yín bá wà níbẹ̀, tí iṣẹ́ yín sì bá a mu, wọ́n á gbà pé iṣẹ́ ló fà á àfi bí ẹlòmíràn bá fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí dókítà lo orúkọ àìsàn gan-an. “Àìsàn àyà” kò sí nínú ìwé kankan.

Ti ilé, NSITF ò sí níbẹ̀. Ẹjọ́ lásán ni, ẹ sì máa fi hàn pé ẹnìkejì jẹ̀bi. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́ bá jẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba, oṣù mẹ́ta péré ni òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fi sílẹ̀. Ẹ sáré lọ bá lọ́yà. Ẹni tí kò lówó, Legal Aid Council wà fún un.

Kòkó_Ni_Wúrà
Ẹ̀gbọ́n Lọ́yà, ẹ kú àlàyé. Lébìrà tí wọ́n gbà fún ọdún kan, tí kò níwèé kankan, ńkọ́? Àti ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kì í gbowó oṣù?

Lọ́yà_Ìta_Ọba
Òfin yẹn ka àdéhùn ẹnu kún. Ó ka òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ kún, àti ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí. Iṣẹ́ tiyín ni láti fi hàn pé ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́: àláàtì báńkì, ìránṣẹ́ WhatsApp tó ní “ẹ wá fọ́n oògùn lọ́la”, fọ́tò yín nínú oko lọ́jọ́ iṣẹ́, ìwé ìdásílẹ̀ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni méjì tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́. Bí ọ̀gá kò bá san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ fún NSITF rí, ọ̀ràn tirẹ̀ nìyẹn, ẹ jábọ̀ síbẹ̀ náà. Kò sì gbọdọ̀ yọ owó yẹn nínú owó yín.

Kòkó_Ni_Wúrà
Ẹ ṣé gan-an. Ó yá, ọ̀rọ̀ ike oògùn tèmi. Ẹ ya ẹ̀gbẹ́ ike mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdí rẹ̀, àti ìdérí. Ohun tí a ń wá níbẹ̀ ni orúkọ kẹ́míkà (kì í ṣe orúkọ ọjà nìkan), agbára rẹ̀, nọ́ḿbà NAFDAC, nọ́ḿbà báàṣì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àti àwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ lébẹ́ẹ̀lì, torí pupa ló le jù. Ẹ ya rìsíìtì ẹni tó tà á. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, atrazine, apakoríko míì, sì tẹ̀ lé e ní 2025. Rìsíìtì tó ní ọjọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn kì í ṣe bébà lásán.

Bí wọ́n bá ti tú oògùn sínú ìgò míì kí wọ́n tó gbé e wá sóko, ẹ ya ìgò náà bó ṣe wà, ẹ béèrè níwájú ẹlẹ́rìí ibo ni ike rẹ̀ wà. Ẹ má rọ díẹ̀ sínú ìgò omi tàbí ti ẹlẹ́rìndòdò gbé wálé! Ọmọdé lè mu ún.

Ìwọ̀n oògùn tó kàn yín: ẹ ka tánkì sípíréyà. Bó bá jẹ́ tánkì 20 lítà, tí ẹ ń wọn mílílítà 50 sí i, tí ẹ fọ́n tánkì 12 lọ́jọ́ kan, mílílítà 600 nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ lítà kan àti mílílítà 800. “A fọ́n oògùn púpọ̀” kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí ìdérí ike lẹ fi ń wọn ọ́n, ẹ fi síríńjì wọn omi sínú ìdérí náà kẹ́ ẹ mọ iye tó gbà. Ẹ kọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, bóyá sípíréyà ń jò sí ẹ̀yìn, bóyá wọ́n fún yín ní ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò. Aṣọ tí oògùn dà sí, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sá a gbẹ lábẹ́ òjìji, ẹ fi bébà fadákà ìdáná wé e, ẹ wá kó o sínú àpò bébà kúrò nítòsí ọmọdé, ẹ kọ ọjọ́ sí i.

Òkúta_Olósùnta
Ti kúárì kò rí báyìí rárá, torí kò sí ọjọ́ kan pàtó tó ṣẹlẹ̀. Eruku òkúta tí a fi ń kọ́lé ní silica, èròjà tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nínú. Àìsàn tó ń fà, silicosis, sábà máa ń gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn, bí eruku bá sì pọ̀ gan-an, ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn iṣẹ́ ni ẹ̀rí tó lágbára jù fún un. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọdún tí ẹ wọlé àti èyí tí ẹ jáde, ohun tí ẹ ń ṣe (lílu ihò, fífọ́, jíjọ̀, kíkó sọ́kọ̀), wọ́n ń wọ́n omi sí i tàbí gbígbẹ ni, irú ìbòmú wo. Ìbòmú aláṣọ kì í dá eruku tó ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró dúró, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tí ẹ máa fi tó létí ni èyí tí ẹ ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún kẹ́yìn.

Ibi tí ìjà máa ń wà: wọ́n á ní ikọ́ ife ni. Òótọ́ ni pé méjèèjì ń fi àbààwọ́n sí òkè ẹ̀dọ̀fóró lójú X-ray, òótọ́ sì tún ni pé silicosis ń jẹ́ kí ikọ́ ife rọrùn láti mú ènìyàn. Méjèèjì lè wà lára ẹnìkan náà. Nítorí náà, ẹ ṣe GeneXpert, àyẹ̀wò ikọ́ ife, lórí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọ̀fẹ́ ni níbi ìtọ́jú ikọ́ ife ti ìjọba, ẹ sì tọ́jú èsì rẹ̀, ìbáà sọ pé ó wà tàbí kò sí. Ẹ bẹ dókítà kó ka X-ray náà lọ́nà ILO (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́), níbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù ẹni wé fíìmù ìwọ̀n tí wọ́n sì ń kọ nọ́ḿbà bíi 1/0 tàbí 2/1. Nọ́ḿbà yẹn yàtọ̀ sí “àyà kò mọ́”. Ẹ ṣe spirometry pẹ̀lú, àyẹ̀wò tí ẹ ti máa fọn afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ fọn ún ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta tó dára, kí méjì tó ga jù má sì fi ju mílílítà 150 lọ yàtọ̀ síra. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ẹ ò fọn ún tọkàntọkàn.

Ẹ sì sọ òótọ́ nípa sìgá. Wọ́n á rí i lọ́nà míì.

Ọmọ_Kámẹ́rà
Fọ́tò àti fídíò: ẹ tan lokéṣọ̀n fóònù, ẹ rí i pé ọjọ́ àti aago rẹ̀ tọ́. Ya ibi gbogbo láti òkèèrè, sún mọ́ ọn díẹ̀, kó o tó wá ya nǹkan gan-an pẹ̀lú rúlà tàbí téèpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má gé e, ẹ má kọ nǹkan sí i lórí. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lórí WhatsApp, WhatsApp máa fún un kéré, yóò sì yọ àlàyé ọjọ́ àti ibi tó wà nínú rẹ̀ dànù. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Ojúlówó kó wà nínú fóònù tó yà á, ẹ̀dà méjì níbòmíràn, ẹ má sì ta fóònù náà kí ẹjọ́ tó parí.

Lọ́yà_Ìta_Ọba
Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 84, ń béèrè ìwé tó ṣàlàyé ẹ̀rọ tí ẹ̀rí náà ti jáde wá, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà yẹn. Ẹni tó ya fọ́tò ló dára kó buwọ́ lù ú. Ẹ má wọ ọ́fíìsì ẹni lọ jí fáìlì yà o. Ẹ kọ lẹ́tà béèrè Safety Data Sheet kẹ́míkà náà, ìyẹn ìwé àlàyé ewu rẹ̀ tí ẹni tó ṣe é kọ. Apá 16 ló ní, apá 3 (ohun tó wà nínú rẹ̀), 8 (ohun ìdáàbòbò tó yẹ) àti 11 (ìpalára rẹ̀) lẹ máa kọ́kọ́ kà. Bí wọn ò bá fèsì, ẹ̀dà lẹ́tà yín fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀rí.

Kànga_Mímọ́
Tilé wá kù. Bí kànga bá ń rùn bíi bẹntiróòlù nítòsí ilé epo, ìgò dígí kékeré mílílítà 40 lẹ máa gba lọ́wọ́ láàbù. Ẹ kún un dé ẹnu, ẹ dé e, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Bí ẹ bá rí afẹ́fẹ́ kékeré nínú rẹ̀, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ tún un bù, torí bẹntiróòlù á sá sínú afẹ́fẹ́ yẹn. Kó wà nínú yìnyín, kó dé láàbù láàárín ọjọ́ 7 bí wọn ò bá fi ásíìdì sí i. Bí òjé tàbí irú irin bẹ́ẹ̀ lẹ ń wá, ìgò ike ni, láàbù á fún yín ní nitric acid díẹ̀ tí ẹ máa fi sí i. Ti oògùn oko, ìgò dígí dúdú lítà kan. Ẹ bu omi kànga míì tó jìnnà sí ilé epo náà, tó ga jù ú lọ, fún ìfiwéra. Láìsí ìyẹn, wọ́n á ní bí omi àdúgbò yín ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn.

Ara ìgò: nọ́ḿbà, ọjọ́, aago, ibi, ẹni tó bù ú, ẹni tó rí i. Ìwé kan tẹ̀ lé e tí gbogbo ẹni tó bá gbà á máa buwọ́ lù pẹ̀lú aago. Bí ìgò bá sùn sílé ẹnìkan láìsí ìwé, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Láàbù tó ní ìwé ẹ̀rí ISO 17025 lẹ wá, NiNAS, àjọ tó ń yẹ láàbù wò ní Nàìjíríà, ń fún wọn níbí. Ẹ jábọ̀ fún NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ilé epo, àti iléeṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà yín.

Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò: ẹ fi téèpù wọn bó ṣe jìnnà sí fèrèsé, ya ibi tí páìpù èéfín kọjú sí, kọ aago tí wọ́n ń tàn án àti èyí tí wọ́n ń pa á. Ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí carbon monoxide bá pọ̀ wà lọ́jà. Ra èyí tó ń fi nọ́ḿbà hàn, ya nọ́ḿbà náà pẹ̀lú aago ògiri nínú fọ́tò kan náà.

Nọ́ọ̀sì_Òru
Kí n fi èyí kún un. Bí ẹnìkan bá ti kú sínú èéfín, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí kí ẹ tó sin ín. Bí ẹbí bá fẹ́ sin ín lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí dókítà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáájú. Carboxyhaemoglobin kì í tètè kúrò lára òkú bó ṣe ń kúrò lára alààyè.

Onípẹ́ńtì_Àjílòsùn
Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Aṣọ tí tínà tàbí bẹntiróòlù dà sí ńkọ́, ṣé àpò bébà tí wọ́n sọ lókè náà ni?

Kànga_Mímọ́
Rárá o. Ti oògùn oko nìyẹn. Tínà àti bẹntiróòlù máa ń fẹ́ lọ, wọ́n á jáde lára bébà, wọ́n á jáde lára náílọ́ọ̀nù pàápàá. Inú ìgò dígí ẹlẹ́nu gbòòrò tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ irin lẹ máa kó o sí, ẹ fi bébà fadákà sábẹ́ ìdérí náà torí rọ́bà inú rẹ̀ máa ń fa tínà mu. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti gbẹ. Ẹ gbé e jìnnà síná.